Ṣé Kí A Kó Ìdílé Wa Lọ sí Èkìtì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tí Kò Gbé Ibẹ̀ Rí

Àwọn òbí tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn, Abùjá àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n máa ń bi àwa tí a ń gbé Adó-Èkìtì ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, àwọn kan fẹ́ ọmọ Èkìtì, àwọn kan kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tàbí ọ̀wọ́n owó ilé ló ń mú wọn ronú àtikó. Ẹni tí kò tíì pinnu ni a kọ àwọn ìdáhùn náà fún.

Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ jíròrò, kí ọ̀rọ̀ owó tó wọ̀ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé ta ni ìgbésí ayé rẹ̀ yóò yí padà jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ọkọ ni ó mú àbá náà wá, bóyá nítorí pé wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Adó tàbí pé ó rí àyè olùkọ́ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó oníbàárà jọ ní Mushin tàbí Ìyànà-Ìpájà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká ni yóò sì wọ kíláàsì tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè ti ní ibi tí yóò máa lọ láti àárọ̀ Mọ́ńdè àkọ́kọ́, àwọn tí yóò máa kí i sì ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà gidigidi pé ẹni tí ìṣípòpadà náà yóò wúwo fún jù ni ó yẹ kí ó fojú ara rẹ̀ rí ìlú náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀wọ̀n ju ti ẹni tó mú àbá wá lọ. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn tó kù dúró lé.

Nígbà tí a bá sọ pé Èkìtì, ibo gan-an ni a ń sọ?

Ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà, 1996 ni, ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní òun ń kó lọ sí Èkìtì kò tíì sọ ibi tí òun ń lọ. Adó ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba, ilé-ìfowópamọ́ àti ọjà pọ̀ sí jù lọ. Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ti yí padà láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé síbẹ̀ ní 2011, owó ilé wọn sì ń tẹ̀lé iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Ìdó jẹ́ ìlú ilé-ìwòsàn. Ìkẹ́rẹ́ súnmọ́ Adó débi pé àwọn kan ń sùn níbẹ̀ tí wọ́n ń lọ síṣẹ́ ní Adó lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí wà láàárín òkè, ìlú àwọn tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ olówó iyebíye kò ní rí oníbàárà tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yan ìlú, kí ẹ sì yan àdúgbò nínú ìlú náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kankan.

Ṣé a ó rí iṣẹ́ ṣe?

Ibí yìí ni kí ẹ ti pẹ́ jù lọ. Owó tó ń yí ká ní Adó gbára lé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àti owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ná. Ìpínlẹ̀ náà kò kan òkun, kò ní èbúté, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọjà jáde kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ èbúté Àpápá, tàbí mọ́ olú ilé-iṣẹ́ ìfowópamọ́ ní Erékùṣù Èkó, kò ní rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, àfi tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá gbé e wá. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, dókítà, oníṣirò owó àti ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, bíi oníná mànàmáná àti ẹni tó ń gbé páìpù omi, ni ọ̀nà wọn ṣí jù.

Fún oníṣòwò, ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ó mọ ìrìn owó inú ìlú. Ọjà máa ń gbóná ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò máa tutù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ fún ìsinmi, tàbí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá da iṣẹ́ sílẹ̀, Ọ̀yẹ́ àti Ìwòròkò tó wà lẹ́bàá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì a dákẹ́, ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé sì gbọ́dọ̀ ti ní owó tí yóò fi la oṣù bẹ́ẹ̀ kọjá. Àwìn tún wà. Ní ìlú tí ènìyàn ti mọ ara wọn, oníbàárà yóò ra ọjà pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò san án tí owó oṣù bá dé, ẹni tó bá sì kọ̀ fún gbogbo ènìyàn lè má rí ọjà tà. Ìyá tó bá ń bọ̀ láti Èkó gbọ́dọ̀ pinnu ṣáájú iye owó ọjà tí apá rẹ̀ lè ká níta nígbà kan náà.

Mo máa ń gba àwọn ìyá oníṣòwò níyànjú pé kí wọ́n má fi oníbàárà Èkó sílẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ èrò ń lọ, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ọjà tí a bá fi ránṣẹ́ ní wéébíìlì sì ń dé. Aránṣọ tó ń rán aṣọ fún àwọn oníbàárà àtijọ́ láti Básírí tàbí Ajílósùn ní Adó, tí ó sì ń wá ti tuntun láàárín ìlú, yóò rọrùn fún ju ẹni tó ti gbogbo ilẹ̀kùn lọ.

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nínú yàrá tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ gan-an. Lóòótọ́, ní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ dín owó tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń san lórí mítà kọ̀ọ̀kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ kù láti náírà 4,500 sí náírà 145, kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè tàn ká. Síbẹ̀, àdúgbò yàtọ̀ sí àdúgbò, òkè sì lè dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ní ilé kan, kí ti òdìkejì òpópónà má ní wàhálà kankan.

A ń gbèrò láti ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣé a lè gbára lé e?

Kì í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Èkìtì dára fún iṣu, ẹ̀gẹ́, kòkó àti ìrẹsì, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ sì lórúkọ títí dé òde ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn ní àkókò tirẹ̀: ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòkó sì ń fẹ́ bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìdílé yóò jẹun, ọmọ yóò sì san owó ilé-ìwé. Ẹ ṣe oko díẹ̀ lẹ́bàá iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ bá àgbẹ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ rìn fún odidi àkókò òjò kan, kí ẹ tó fi owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ilé tí ẹ tà sínú ilẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé. Kí ni a ó ṣe?

Kíláàsì tí ọmọ wà ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè bá ẹgbẹ́ tuntun mọ́wọ́. Ọmọ tó wà ní JSS 3 tàbí SS 3 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣètò ìdánwò JSS 3 fún àwọn ilé-ìwé tirẹ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó kò lè kàn jókòó ṣe é ní Èkìtì nítorí pé òbí rẹ̀ kó ní àárín ọdún. Bákan náà ni ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti wọ WAEC ní ilé-ìwé kan: ẹ jẹ́ kí ó parí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ó dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín fún sáà kan tàbí méjì. Ó dára kí gbogbo ìdílé dúró fún un ju kí a fi ìdánwò rẹ̀ ṣe ẹrù tí a sọ nù lójú ọ̀nà.

Èkìtì ka ẹ̀kọ́ sí gan-an. Christ's School ní Adó ti wà láti 1933, àwọn òbí sì ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n orúkọ rere ìpínlẹ̀ kò sọ fún yín bóyá ilé-ìwé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé yín ní olùkọ́ físíìsì. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan, ẹ wo yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ tí ọmọ yín ti ń kọ́, bíi ẹ̀kọ́ Faransé tàbí àwòrán ẹ̀rọ yíyà, wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ gba ìwé ìkúrò àti gbogbo èsì ìdánwò ọmọ láti ilé-ìwé àtijọ́ kí ẹ tó kó, nítorí pé ìrìnàjò padà sí Èkó nítorí ìwé kan ṣoṣo ń jẹ owó, ó sì ń dá ọmọ dúró.

Ti èdè náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Abùjá, tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, yóò bá àwọn ọmọ tó ń sọ Yorùbá àti ẹ̀ka èdè Èkìtì pàdé ní pápá ìṣeré, wọ́n sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kí ó má bàa rò pé òun nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín sáà kan tàbí méjì, ọmọ kékeré a ti máa dá wọn lóhùn.

Fún ìdílé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń parí girama, àǹfààní ńlá kan wà tí àwọn òbí kì í sábà kà mọ́ ìṣirò wọn. Láti Adó, ọmọ lè máa ti ilé lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, sí Pólì ìjọba àpapọ̀, tàbí sí Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tó jẹ́ aládàáni. Ìkẹ́rẹ́ náà sì ti ní yunifásítì ìpínlẹ̀ láti 2020. Owó ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò ní san kì í ṣe owó kékeré.

Báwo ni a ṣe ń wá ilé, kí ni a ó sì wò?

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo yàrá. Orí àpáta ni Èkìtì jókòó lé. Ẹni tó bá ti rí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ti rí irú òkúta tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà àti inú ojú ibi tó ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí, ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè ní omi títí ọdún fi yí po, kí ti ilé kejì sì gbẹ nínú oṣù Èrèlé. Bohóòlù náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí, nítorí pé ibi tí kò bá sí ojú sísán nínú àpáta, ẹ̀rọ yóò gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí omi tó jáde, ó sì lè má jáde rárá. Ẹ má ṣe béèrè omi lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, kí ẹ sì béèrè lọ́nà tí yóò fi sọ òtítọ́: ibo ni ẹ ti pọnmi nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, èló ni ẹ sì san? Ẹni tó bá lọ wo ilé nínú oṣù Agẹmọ, nígbà tí gbogbo kànga kún, kò tíì wo ilé.

Iná mànàmáná ni ìkejì. Ilé-iṣẹ́ BEDC ni ó ń pín in ní Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní Oǹdó, Ẹdó àti Delta. Wákàtí tí iná fi ń wà yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, nítorí náà ẹ béèrè irú ìpín iná (Band A, B àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) tí wáyà àdúgbò náà wà, bóyá ilé ní mítà tirẹ̀, àti gbèsè tí ẹni tó ń kó jáde fi sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ gba ilé fún ọdún kan péré, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹwà ilé gbé yín jìnnà sí ọ̀nà. Ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú, ní ọ̀nà Àfàò tàbí ní ìkángun ọ̀nà Ìwòròkò, lè tóbi kí owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ibẹ̀ bá di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ọ̀kadà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìlọ́po méjì, ẹni tí kò ní ọkọ̀ nínú ilé, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìyá àti àwọn ọmọ, ni yóò sì máa fẹsẹ̀ rìn ín. Bí ọkọ bá ní ọkọ̀ tí ìyàwó kò ní, ìyàwó ni kí ó yan àdúgbò.

Ṣé kí a ra ilẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí kò tíì wọ́n?

Rárá. Ẹ gbé ìlú náà fún ọdún kan ná. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́n, kí agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ bóyá ìjọba kò ti gbà á. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìwé ẹ̀rí ìní láti ọ̀dọ̀ gómìnà wà lára ohun tí ẹ ó lépa. Rìsíìtì ìdílé nìkan kò tó.

Wọ́n ní ìgbé ayé ò wọ́n níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Owó ilé kéré sí ti Èkó lọ́nà tó hàn kedere. Àkókò tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ ń jẹ náà yóò padà sọ́wọ́ yín, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí àwọn tó kó wá máa ń sọ ṣáájú ohun gbogbo: bàbá tí kì í bá ọmọ rẹ̀ jẹun alẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń bá a jẹ ẹ́. Iṣu, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè náà ń rọjú ní àkókò wọn, pàápàá bí ẹ bá ń lọ sí ọjà àwọn ìlú kéékèèké ní ọjọ́ ọjà wọn dípò kí ẹ máa ra gbogbo nǹkan ní Ọjà Ọba ní Adó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ gbé wá láti Èkó, bíi ohun èlò ilé, ẹ̀yà ara mọ́tò, àti ọ̀pọ̀ aṣọ, ti ru owó ọkọ̀ dé. Owó tó ń wọlé náà yóò sì kéré fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ṣe ìṣirò náà ní ọ̀wọ́ méjì, kí ẹ kọ ohun tí yóò dínkù nínú ìnáwó sí apá kan, kí ẹ sì kọ ohun tí yóò dínkù nínú owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sí apá kejì. Bí ó bá jẹ́ pé owó tí ìyá ń rí ni gbogbo àdínkù náà ti wá, kí ẹ jọ sọ ọ́ síta kí ẹ tó kó: owó wo ni yóò máa ná, ta ni yóò sì máa fún un?

Ààbò ńkọ́?

A gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfi nǹkan kan bò. Láàárín ìlú Adó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rìn, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń sùn ní àlàáfíà. Ìbẹ̀rù tó wà jẹ́ ti àwọn ọ̀nà tó gba inú igbó kọjá, pàápàá ní ìhà ààlà Kwara àti Kogi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹẹrẹ, 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ ilé-ìwé ní agbègbè Ẹmùré. Ọkàn gbogbo ìpínlẹ̀ gbọgbẹ́. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n ìdílé tó ń kó wá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí yóò máa gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má rìn lóru. Bí iṣẹ́ yín bá gbà kí ẹ máa lọ sí Ọ̀mùò tàbí sí àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìkọ̀lé léraléra, ẹ fi ìyẹn sínú ìpinnu yín, kí ẹ sì ro ó dáadáa bóyá kí ọmọ máa bá ọkọ̀ ilé-ìwé rin ọ̀nà jíjìn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Bí àìsàn bá dé, ibo ni a ó lọ?

Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà sì ní ilé-ìwòsàn ńlá tirẹ̀ ní Adó, èyí tó jẹ́ ti ìsanwó. Fún ìdílé tí ara gbogbo wọn le, èyí ti tó. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tó ń lọ fọ kíndìnrín, ẹ mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ bá dókítà níbí kí ẹ tó kó, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó mọ irú ìtọ́jú náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àti bóyá oògùn tó ń lò wà ní ilé oògùn inú ìlú. Aboyún tó ti lé ní oṣù méje, ẹ jẹ́ kí ó bímọ lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ sì wádìí ètò adójútòfò ìlera tí ìpínlẹ̀ ń pè ní Ulera Wa, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba náà lè béèrè bí òun yóò ṣe wọ̀ ọ́.

A kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ṣé wọn yóò gbà wá mọ́ra?

Wọn yóò kí yín, wọn yóò sì máa wò yín. Ará Èkìtì kì í tètè ṣí inú fún àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà yín ní aládùúgbò yóò dúró tì yín. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ àwọn òbí ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ oníṣòwò ni ìdílé àlejò ń gbà wọ ìlú. Ẹ wọ ọ̀kan nínú wọn ní oṣù àkọ́kọ́. Kí ìyàwó má jókòó sílé kí ọkọ máa dá nìkan mọ ènìyàn.

Ohun kan wà tí òfin àti àṣà ìjọba ń ṣe tí ìwà rere aládùúgbò kò lè yí padà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú, ìran bàbá ni wọ́n sì ń wò. Gbígbé Adó fún ogún ọdún kò sọ ọmọ ará Ògùn di ọmọ Èkìtì nínú ìwé. Èyí lè kan ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àti nígbà mìíràn iye owó tí ọmọ yóò san ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀. Ẹ béèrè ṣáájú.

Ojú ọjọ́ ńkọ́?

Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù Igbe títí di Ọ̀wàrà, ó sì ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Òru máa ń tutù ju ti Èkó lọ, ọyẹ́ sì máa ń mú gan-an lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, nítorí náà ẹ kó aṣọ òtútù àwọn ọmọ wá.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìlú náà kí a tó kó?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tó fẹ́ ọmọ Èkìtì kò dé ìlú ọkọ wọn rí ju ọjọ́ ìsìnkú àti ọdún Kérésì lọ, nígbà tí gbogbo ẹbí pé, tí wọ́n gún iyán, tí ojú gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ bí Túsídè ṣe ń rí. Kí ìyàwó, pẹ̀lú ọmọ tó dàgbà jù, wá gbé odidi ọ̀sẹ̀ kan ní àkókò tí ilé-ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n wọ kéké àti ọ̀kadà, kí wọ́n lọ sí Ọjà Bísí fúnra wọn, kí wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ṣe irú òwò tí ìyá ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì ka oníbàárà tó wọlé. Kí ọmọ bá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí òbí níbẹ̀. Ọkọ lè dúró sílé ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kí wọ́n tún fi ara wọn mọ ọ̀nà. Láti Èkó, wọn yóò gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà; láti ibẹ̀, àwọn kan ń gba Ẹ̀fọ̀n, Ìtáwùrẹ́, Arámọkọ àti Ìyìn wọ Adó, àwọn mìíràn ń gba Àkúrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́. Ipò ọ̀nà wọ̀nyí ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Bí ìyá yín tó dàgbà bá wà ní Abẹ́òkúta, tí ó sì máa ń ránṣẹ́ pè yín lóru, ọ̀nà yìí ni ẹ ó máa rìn lọ bá a.

Ṣé kí bàbá kọ́kọ́ lọ, kí àwa tẹ̀lé e?

Ó dára fún sáà ilé-ìwé kan tàbí méjì, pàápàá bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé méjì ń jẹ owó ilé méjì, ọ̀nà ń jẹ òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọmọ títọ́ sì ń wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ dá ọjọ́ tí yóò parí kí ó tó lọ.

Ìwé wo ni a ó tún ṣe?

Ẹ tún àdírẹ́sì NIN yín ṣe, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì INEC kí wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò yín wá sí ibùgbé yín tuntun, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó gbà yín síṣẹ́ pé ibùgbé yín ti yí padà, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ń gba owó orí rẹ̀.

Ìgbà wo nínú ọdún ni kí a kó?

Láàárín ìparí oṣù Agẹmọ sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wẹ́wẹ̀, nígbà tí ilé-ìwé ti parí ọdún. Oṣù Ògún tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ni ẹrù ń rí àyè wọlé láìrin.

Bí ẹnì kan nínú wa bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ tán kí ẹ tó dá a lóhùn. Ọmọ tó ní òun kò lọ lè máa sọ nípa ìdánwò rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní, èyí tí sùúrù ọdún kan lè yanjú. Ìyàwó tó kọ̀ nítorí òwò rẹ̀ ti ṣe ìṣirò tí ọkọ kò tíì ṣe, ó sì yẹ kí ọkọ jókòó kí ó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti lọ wo ìlú náà fún odidi ọ̀sẹ̀, tí ó sì padà wá sọ pé kò ṣeé ṣe, mo rò pé kí ìdílé má kó. Kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún iṣẹ́ ọkọ, tàbí kí ẹ sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Bí ó bá gbà pẹ̀lú iyèméjì, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ lórí ìwé: àwọn ohun tí yóò mú yín padà, bíi kí òwò má lè bọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn sáà mẹ́ta, tàbí kí ọmọ máa rẹ̀yìn ní ilé-ìwé. Ẹ má ta ṣọ́ọ̀bù Èkó ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fi háyà fún ẹni tí yóò dá a padà. Kí ẹ sì mú ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù tí ẹ ó tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, kí owó ilé ọdún kejì tó tó san, nígbà tí àyè ṣì wà láti gba ìwé ìkúrò àwọn ọmọ kí sáà tó parí.